Ìkòkò Tòmátì Tó Fo Ògiri

Ẹ̀rọ Agbóòórùn ti gun ògiri dé àjà ilé tó wà nísàlẹ̀ tiwọn kí Ìbíwùmí tó rí ewé náà.

Ó lóṣòó ti ìkòkò tòmátì tó wà ní ìpẹ̀kun bákónì, ó ń wá èyí tó pọ́n tí yóò já sínú àwo. Irú tòmátì wẹ́wẹ́ tí gbogbo ilé ń gbìn ni, èyí tí kò ju ẹyin ẹ̀gà lọ, tó máa ń so ṣùù bí iyùn lọ́rùn ìyàwó. Ó ti já díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó bọ́ sí ìdí igi. Àbàwọ́n kan wà lára ewé ìsàlẹ̀. Ó rí róbótó, àárín rẹ̀ dúdú, etí rẹ̀ gbẹ bí ìgbà tí wọ́n fi iná sìgá kàn án. Ó fọwọ́ gbé ewé tó tẹ̀ lé e. Ó wà níbẹ̀ náà. Ó gbé òmíràn, bákan náà ni.

"Ajówé," ló sọ lábẹ́ èémí.

Ta ni kò mọ àrùn ajówé ní Abẹ́òkúta? Òun ló jẹ oko tòmátì, oko ata àti oko ìgbá tán nígbà ayé àwọn bàbá wọn, tó fi jẹ́ pé inú ìkòkò lórí bákónì nìkan ni wọ́n ti ń rí wọn mọ́. Òun náà ló fà á tí ìlú fi ṣe Agbóòórùn, ẹ̀rọ tó rí bí alángbá ṣùgbọ́n tó tó ewúrẹ́ ní títóbi, ẹlẹ́sẹ̀ rọ́bà, onímú gígùn, tó máa ń gun ilé gíga láti bákónì dé bákónì, tó ń ti imú rẹ̀ bọ àárín ewé bí ẹni tó fẹ́ fẹnu ko ọmọ lẹ́nu. Ohun tí imú yẹn bá gbọ́, ìlú ti gbọ́ ọ.

Bí Ìbíwùmí ti lóṣòó síbẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó wà lókè ọ̀nà ilé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ohùn Ìbíwùmí fúnra rẹ̀ ni, nítorí òun ni Ìyá Ewé, olórí àwọn tó ń gbin nǹkan ní àjà wọn, èyí tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, tí wọ́n máa ń lù láràárọ̀ tí Agbóòórùn bá ń bọ̀:

"Ẹ jí ire o, ará àjà wa. Ẹni tó bá rí ajówé, kó kéde lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá kéde, tirẹ̀ nìkan la ó jó. Ẹni tó bá fi pa mọ́, yóò sọ̀ kalẹ̀ sí Ìsàlẹ̀, níbi tí oòrùn kì í dé. Èmi Ìyá Ewé yín ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ó gbọ́ ohùn náà bí ẹni pé obìnrin mìíràn ni, obìnrin tó mọ́ tónítóní, tí kò fi ohunkóhun pa mọ́. Ó yẹ kó dìde, kó tẹ bọ́tìnì pupa tó wà lára ògiri, kó ní, "Èmi rèé, ó wà lọ́dọ̀ mi." Wọn ì bá jó ìkòkò rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì tán.

Ọ̀rọ̀ ò lè tán bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Ẹniọlá, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sí Ilé Irúgbìn, níbi tí wọ́n ti ń wá tòmátì tí ajówé kò ní lè mú. Aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i wà lórí àga ní pálọ̀. Ilé tí ajówé bá wọ̀, ọmọ ibẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà Ilé Irúgbìn títí ọdún á fi yí po. Nǹkan mìíràn sì tún wà tí Ìbíwùmí kò fẹ́ rò. Nígbà òjò tó kọjá, tí wọ́n rí ajówé lọ́dọ̀ Dúródọlá tó ń gbé ní ìkángun àjà wọn, tí obìnrin náà kéde ara rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún, Ìbíwùmí ló dúró láàárín èrò tó ní, "Ẹni tó bá mọ ìtọ́jú kì í rí ajówé." Ó ti sọ ọ́ tán kó tó mọ̀ pé ó dùn mọ́ òun lẹ́nu.

Tìpà, tìpà, ẹsẹ̀ rọ́bà ń bọ̀ lára ògiri.

Ògiri tó pààlà láàárín bákónì rẹ̀ àti ti Bàbá Ṣódìmú kò ga ju ìbàdí lọ. Bàbá ti dàgbà, wọ́n sì ti kun ọ̀dà funfun sára irin bákónì rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé Agbóòórùn kì í yẹ ibẹ̀ wò, nítorí ìlú ní a kì í tú àpò àgbàlagbà. Bàbá kò sì sí nílé. Ẹniọlá ti mú un lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n lè bá a ṣí awọ funfun tó bo ẹyinjú rẹ̀.

Ìbíwùmí gbé ìkòkò náà. Ó wúwo, iyẹ̀pẹ̀ tútù ló wà nínú rẹ̀. Ó gbé e lé orí ògiri, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó sì rọra gbé e kalẹ̀ sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi Bàbá. Tí ẹ̀rọ yìí bá ti kọjá, màá gbé e padà. Màá jó o fúnra mi. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Bó ṣe ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn tó fi nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìdí ìró.

Agbóòórùn yọ orí.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Ewé," ó wí. Ohùn tí wọ́n fún un dùn, ó sì mọ ọ̀wọ̀, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa.

"Káàárọ̀," ni Ìbíwùmí dáhùn.

Ó ti imú bọ ìkòkò kìíní. Ó ti i bọ èkejì. Nígbà tó dé ibi tí ìkòkò ìpẹ̀kun wà tẹ́lẹ̀, ó dúró lórí òrùka omi tí ìdí ìkòkò fi sílẹ̀ lórí símẹ́ńtì, ó gbọ́ òórùn rẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n iná aláwọ̀ ewé tó wà lórí ẹ̀rọ náà tàn. "Ilé yín mọ́. Ẹ kú ìtọ́jú." Ó gba orí irin kọjá, ó fo bákónì Bàbá bí òfin ṣe ní kó fò ó, ó sì ti ń lọ sí ọ̀dọ̀ Dúródọlá.

Afẹ́fẹ́ fẹ́. Ó fẹ́ láti ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù wá.

Agbóòórùn dúró. Imú rẹ̀ yí padà kí ara rẹ̀ tó yí. Ó padà gba orí irin funfun náà wọlé, nítorí òórùn tó bá ti kan imú rẹ̀, kò sí ọ̀dà funfun tó lè dá a dúró.

Nígbà tí aago dún, gbogbo àjà jáde. Ọwọ́ ọṣẹ ni ẹlòmíràn fi jáde, ẹlòmíràn gbé ọmọ sẹ́yìn. Wọ́n kún ẹnu ọ̀nà Bàbá Ṣódìmú, wọ́n ń bi ara wọn pé, "Ọ̀dọ̀ ta ni? Ọ̀dọ̀ Bàbá kẹ̀? Rárá o!" Agbóòórùn ti gbé ìkòkò náà sí àárín ọ̀nà kí gbogbo ayé lè rí i. Àkókò yẹn gan-an ni ẹ̀rọ agbéniròkè ṣí, tí Ẹniọlá mú Bàbá jáde, ó di í lọ́wọ́ mú. Wọ́n ti fi báńdéèjì bo ojú Bàbá méjèèjì.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ tí ẹ pọ̀ báyìí?" Bàbá ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé wọ́n ní mo ti kú ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá," Agbóòórùn wí. "A rí ajówé nínú ìkòkò kan ní bákónì yín. Kò sí ìkéde. Ṣé tiyín ni ìkòkò yìí?"

"Irọ́ ni!" Dúródọlá pariwo. "Bàbá tó máa ń fọ ọwọ́ kó tó fọwọ́ kan ewé! Ẹ̀yin ará, ẹ sọ̀rọ̀ o! Ìyá Ẹniọlá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fara ti ilé wọn, ẹ bá wọn sọ nǹkan!"

Ìbíwùmí tẹjú mọ́ ìkòkò náà.

"Ẹ mú mi débẹ̀," ni Bàbá wí.

Ẹniọlá mú un lọ. Bàbá kúnlẹ̀, ó na ọwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ wo igi tòmátì náà bí afọ́jú ṣe ń fọwọ́ wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó fọwọ́ kan ewé tó gbẹ. Ó fọwọ́ kan èso. Lẹ́yìn náà, ìka rẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti fi aṣọ pélébé so igi tòmátì mọ́ ọ̀pá, ó sì dúró síbẹ̀. Okùn ni Bàbá fi ń so tirẹ̀. Gbogbo àjà wọn, ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi àkísà àdìrẹ so tòmátì. Bàbá ló kọ́ ẹni yẹn láti so ó kó má baà há igi lọ́rùn.

Ìbíwùmí rí i bí ìka náà ṣe dúró.

Bàbá gbé ojú tí wọ́n ti dì sókè, kì í ṣe sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, sí ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ni.

"Tèmi ni," ó wí.

Àṣà wọn ni pé Ìyá Ewé ló máa ń ka òfin sí ẹni tó bá rú u létí. Ẹnì kan ti gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé Ìbíwùmí lọ́wọ́ kó tó mọ̀. Ó wo Bàbá lórí ìkúnlẹ̀. Ọkùnrin yìí ló ṣílẹ̀kùn fún un nígbà tí òkun gba ìlú wọn, tí òun dé síbí pẹ̀lú oyún àti ẹrù tútù, tí gbogbo ilé ní àwọn ò gba ẹni tí kò ní ohun ọ̀gbìn. Bàbá já tòmátì kan, ó fún hóró inú rẹ̀ sórí bébà, ó sá a sóòrùn, ó sì kó irúgbìn rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Ìwọ náà ti di onílé."

"Ẹni tó bá fi pa mọ́," ni Ìbíwùmí wí sínú ẹ̀rọ, "yóò sọ̀ kalẹ̀. Kí ó palẹ̀ mọ́ di ọ̀la."

Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Nínú ohun gbogbo tó ṣe lọ́jọ́ yẹn, èyí ló tì í lójú jù lọ.

Agbóòórùn kó gbogbo ìkòkò Bàbá sínú àpótí iná rẹ̀, èyí tó ń so, èyí tó ń tanná àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Òórùn ewé tòmátì tó ń jóná gba gbogbo ilé. Bàbá jókòó sórí àpótí kan, ó gbọ́ ọ títí ó fi parí.

Nígbà tí Ìbíwùmí wọlé, Ẹniọlá dúró ní pálọ̀ pẹ̀lú àkísà kan lọ́wọ́, èyí tó jábọ́ nígbà tí wọ́n ń gbé ìkòkò náà.

"Mọ́mì," ó wí, "aṣọ ìgbà ọmọdé mi nìyí."

"Ẹniọlá, gbọ́ mi ná..."

"Mò ń gbọ́."

Ìbíwùmí fẹ́ sọ pé, "Nítorí tìẹ ni," ó sì rí i pé tí òun bá sọ ọ́, òun á tún ti gbé ìkòkò náà lé ọmọ òun lórí. Ẹniọlá ká aṣọ aláwọ̀ ewé tó wà lórí àga, ó ká a tónítóní, ó fi àkísà náà lé e lórí, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́, Ìbíwùmí lọ sí ọ̀dọ̀ Bàbá. Ọkùnrin náà ń fọwọ́ wá àwọn ẹrù rẹ̀, ó ń kó wọn sínú àpò. Bákónì rẹ̀ ṣófo, òrùka omi àwọn ìkòkò nìkan ló kù nílẹ̀. Ìbíwùmí kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìbíwùmí," Bàbá wí, láìyíjú. "Mo mọ ẹsẹ̀ rẹ. Dìde."

"Bàbá, mi ò lè dìde."

"Orúnkún á dùn ọ́."

"Mo fẹ́ gbé e padà ni. Mo ní tó bá ti kọjá, màá gbé e padà."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwọ kọ́ ni irú èèyàn tó máa fi í sílẹ̀ síbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju èébú lọ. "Kí ló dé tí ẹ fi ní tiyín ni?"

Bàbá wá àga, ó jókòó. "Wọn á ní mo ṣàánú rẹ. Àánú kọ́. Ojú ló tì mí. Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ pé ọmọ ni mo fi ọ́ ṣe. Ṣé kí n wá dúró láàárín wọn, kí n ní ọmọ mi ló gbé èyí sílé mi? Ẹnu mi kò gbà á. Irọ́ yẹn rọrùn fún mi ju òótọ́ lọ."

"Màá lọ sọ fún wọn."

"Má sọ ọ́." Ohùn rẹ̀ le lẹ́ẹ̀kan náà. "Mi ò purọ́ rí lójú àwọn èèyàn wọ̀nyí. Tó o bá sọ ọ́, gbogbo wọn á mọ̀ pé mo purọ́. Ojú mi nìyí, bóyá ló máa là. Kí ni èmi àti oòrùn tún jọ ní í ṣe? Jẹ́ kí n lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú iyì mi. Ìyẹn nìkan ni mo tọrọ lọ́wọ́ rẹ."

Ìbíwùmí padà sílé pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ yẹn lọ́rùn. Ó rò ó títí. Tó bá dákẹ́, ó ti ṣe ohun tí Bàbá fẹ́, ohun tó rọrùn fún òun náà ni. Bó ṣe rọrùn tó yẹn gan-an ni kò jẹ́ kó lè gbà á gbọ́. Ó mọ Ìsàlẹ̀. Ó ti bá àwọn ẹlòmíràn dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ nígbà tó ń sin wọ́n lọ: iná funfun tọ̀sán tòru, ọbẹ̀ pupa inú ọ̀rá tí kò rí tòmátì rí, àti àwọn èèyàn tí wọ́n máa ń gbọ́ òórùn aṣọ ẹni tó bá ti òkè wá, bóyá ewé wà lára rẹ̀. Kí Bàbá máa fọwọ́ wá ògiri níbẹ̀? Kí òun sì máa já tòmátì lókè?

Ní àárọ̀, àwọn ará àjà ti pé sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ agbéniròkè láti sin Bàbá. Dúródọlá ló gbé àpò rẹ̀. Agbóòórùn dúró ti ilẹ̀kùn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún Ìyá Ewé kó fi ṣe ìdágbére, bí wọ́n ti máa ń ṣe.

Ìbíwùmí kò wo ọ̀dọ̀ Bàbá. Ó mọ̀ pé tí òun bá wò ó, òun á dákẹ́.

"Èmi ni mo ni ìkòkò yẹn," ó wí. "Mo rí ajówé lára rẹ̀, mi ò kéde. Mo gbé e fo ògiri sí ọ̀dọ̀ Bàbá nígbà tí wọn ò sí nílé. Mo dúró níwájú yín, mo ka òfin sí wọn létí. Wọ́n mọ̀ pé tèmi ni, wọ́n ní tiwọn ni."

Ó ti rò pé wọn á pariwo. Wọn ò pariwo. Ẹnì kan kàn ní, "Ha." Ìyá kan fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Dúródọlá wò ó láti òkè délẹ̀, ó ya ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan tó ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ó sì pa ẹnu náà dé. Ó rọra gbé àpò Bàbá kalẹ̀. Ìbíwùmí ì bá fẹ́ kó bú òun.

"Ìkéde yín pẹ́," ni Agbóòórùn wí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Ìwọ̀nyí ni ìlú sọ. Ẹ̀yin ni ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ báyìí, kì í ṣe Bàbá. Bàbá ò sọ òótọ́, nítorí náà wọn ò ní gbin nǹkan kan títí òjò á fi padà. Ọmọ yín ò ní lè wọ Ilé Irúgbìn lọ́dún yìí. Tí àgbàlagbà kan bá gbà á sílé, ó lè dúró lókè."

Ìbíwùmí kò mú nǹkan kan dání. Ó lọ dúró níwájú ilẹ̀kùn tó ṣí. Ìgbà náà ló tó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá ni, ọwọ́ rẹ̀ lórí èjìká Ẹniọlá. Ojú ọmọ náà wú, kò sì wo ìyá rẹ̀.

"Mo ní kó o má sọ ọ́," Bàbá wí. Ìbínú wà nínú ohùn rẹ̀, kò sì fi pa mọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Lójú gbogbo ayé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Àwọn èèyàn ń wò wọ́n. Ẹnu Bàbá ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ń jẹ ohun tó korò, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò lórí èjìká ọmọ náà.

"Ṣé o ti jẹun?" ó béèrè.

Ìbíwùmí fẹ́ dáhùn pé òun ti jẹun. Ó gbìyànjú rẹ̀. Omijé ló jáde, ó sì fi ìborùn bo ojú, nítorí nínú gbogbo ohun tí wọ́n lè sọ sí i láàárọ̀ yẹn, èyí nìkan ni kò múra sílẹ̀ fún.

"Kò tíì jẹun," Bàbá sọ fún Ẹniọlá. "Lọ bá a bu nǹkan wá. Kí ẹ̀rọ náà dúró."

Agbóòórùn sì dúró. Ọmọ náà wọlé lọ bu oúnjẹ, gbogbo àjà dúró dè é, Ìbíwùmí sì dúró láàárín wọn pẹ̀lú ojú rẹ̀ nílẹ̀, ó ń retí oúnjẹ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.